Orin Ìyá Ráṣídì Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Nǹkan kan ń bẹ láyà mi tí ó ti di egbò. Ó ti tó oṣù mẹ́fà báyìí tí mo ti ń gbé e kiri. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mi ò sọ fún ìmáàmù wa. Bí mo bá dìde láti kírun, ọ̀rọ̀ náà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lónìí ni pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ kan tó ba ayé òun jẹ́. Ó ní òun máa pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó ń sọ ohun tó fẹ́ kí n kọ, èmi náà sì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ilé-iṣẹ́ yẹn kò ṣe é ní nǹkan kan. Èmi tí mò ń tẹ lẹ́tà ni mo ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà Ailegun ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Fóònù ni mo kọ́kọ́ ń tún ṣe, Òṣòdì ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Nígbà tó yá, mo rí i pé àwọn olórin kéékèèké pọ̀ ládùúgbò wa, àwọn onífújì, àwọn oníwákà, àwọn tó ń kọrin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí orin wọn wà lórí ayélujára, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo kọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ kan wà lókè òkun tí à ń fi orin ránṣẹ́ sí. Àwọn ni wọ́n á wá pín in ká gbogbo ibi tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ orin lórí fóònù. Èmi ni mò ń bá àwọn olórin fi ránṣẹ́. Bí orin bá há sọ́nà tí kò jáde, ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n ń sá wá.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Ẹnjinía. Mi ò kàwé ẹnjinía kankan o. Ṣùgbọ́n orúkọ náà dùn mọ́ mi. Bí mo bá ń kọjá lọ tí ẹnì kan ké "Ẹnjinía!" láti òdìkejì títì, ìrìn mi á yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orúkọ yẹn wà lára ohun tó kó bá mi.

Nǹkan kan tún wà nípa iṣẹ́ wa tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn kan wà ní Òṣòdì tí wọ́n ń ki orin sínú mẹ́mórì káàdì fún ẹni tó bá fẹ́. Nígbà kan, ọ̀kan nínú àwa tí à ń fi orin ránṣẹ́ lọ tú orin oníbàárà rẹ̀ fún wọn. Orin yẹn ti gba gbogbo ìgboro kí olórin fúnra rẹ̀ tó gbé e jáde. Ìjà rẹ̀ pọ̀. Láti ìgbà náà, olórin kì í fẹ́ kí ẹ̀dà orin òun ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ ẹni tó bá a fi ránṣẹ́. Bí àmì aláwọ̀ ewé bá ti yọ pé ilé-iṣẹ́ ti gba orin, wàá pa á rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà rẹ lójú oníbàárà.

Tipátipá ni àwọn yòókù fi ń ṣe é. Èmi sọ ọ́ di ìyangàn. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi pé, "Lọ́dọ̀ Ẹnjinía, ẹ̀dà ò sí."

Ìyá Ráṣídì ń gbé ní Jakande Estate, ní Ìsọlọ̀, nínú ilé ìsàlẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ìyá arúgbó ni. Ó ti kọ wákà nígbà èwe rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ sì ni, ohùn Ọ̀yọ́ ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọdún tó ti lò ní Èkó. Orúnkún ń dà á láàmú, kò lè rìn jìnnà, ló fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n gbé ẹ̀rọ mi wá sílé. Ọjọ́ tí Ráṣídì àkọ́bí rẹ̀ ti lọ sọ́jà ló mú. Nígbà tí mo dé, ó tilẹ̀kùn. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ, láàárín àwa méjèèjì ni o.

Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni òun bí, Mutiat. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí Mutiat tẹ̀ lé ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́, wọ́n sì kó lọ sí Gánà. Bàbá bínú. Ó gbé Kùránì, ó búra pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ Mutiat mọ́ nínú ilé òun, wọn ò sì gbọdọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí ìyàwó òun fọwọ́ lé e. Ó fọwọ́ lé e. Bàbá ti kú láti ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìbúra náà ò bá a kú.

Mo bi í pé, "Màmá, báwo wá la ṣe fẹ́ ṣe é báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, mo búra pé mi ò ní pe Mutiat. Mi ò búra pé mi ò ní kọrin. Oríkì rẹ̀ ni n ó pè. Ta ni yóò ní kí abiyamọ má kọrin?"

Ọ̀rẹ́ Mutiat kan wà ní Estate yẹn, Ìyá Kọ́rẹ́dè. Òun ló sọ fún Màmá pé wákà àtijọ́ ni ọmọ rẹ̀ máa ń gbọ́ lórí fóònù lọ́hùn-ún, láàárọ̀ lálẹ́. Màmá wá rò ó pé bí orin òun bá lè wà níbi tí àwọn wákà yẹn wà, etí ọmọ òun á bá a pàdé. Kò ránṣẹ́. Kò pe orúkọ. Ẹ wo ọgbọ́n àgbà.

Mo gbé máíkì kalẹ̀. Kò sí ìlù kankan, àtẹ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló fi gbè é. Ẹ̀ẹ̀kan ló kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣì í níbì kankan. Díẹ̀ ni mo rántí nínú rẹ̀:

Àjíkẹ́, mi ò ti ilẹ̀kùn,
Omi tútù ń bẹ nínú kete.
Ẹni tó bínú ti lọ sùn,
Èmi tí mo bí ọ ni mo jókòó.
Bó o bá dé lálẹ́, wọlé,
Bó o bá dé lọ́sàn-án, wọlé,
Má wulẹ̀ kànkùn, Àjíkẹ́, wọlé.

Mo sunkún níbẹ̀, èmi ọkùnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́.

Inú pálọ̀ yẹn náà ni mo ti fi orin ránṣẹ́. Àmì aláwọ̀ ewé yọ. Mo wá ní, "Màmá, ẹ máa wò ó o, mo fẹ́ pa á rẹ́ lójú yín báyìí."

Ó ní, "Kí ló dé tó o fẹ́ pa á rẹ́? Fi í síbẹ̀, ọmọ mi. Kí ló ń jẹ lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ní rárá, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo pa á rẹ́. Mo tún wọ ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àwọn ohun tí a bá ti pa rẹ́ sí, mo gbá a mọ́ níbẹ̀, mo sì yí ojú ẹ̀rọ sí i kó lè rí i pé ó ti mọ́ fónífóní. Ó ní, "Ó dáa, ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ." Ẹni tó ni orin ní kí n fi í sílẹ̀, èmi ni mo ń ṣe fáàrí.

Lọ́jọ́ kejì ni ilé-iṣẹ́ dákẹ́. Ojú ìwé wọn lórí ayélujára ṣí, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́. Àmì kékeré kan kàn ń yí, ó ń yí. Gbogbo orin tí a ti fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn dúró sójú kan, wọn ò lọ, wọn ò bọ̀. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí ṣọ́ọ̀bù mi. "Ẹnjinía, hawfá? Orin mi dà?" Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mo sì pe Màmá náà pé orin há sọ́nà díẹ̀.

Mo pààrọ̀ síìmù. Mo pa ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì, mo tún un tàn. Mo jáde nínú àkáǹtì mi, mo tún wọlé. Mo pe ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ejigbo, ó ní bó ṣe rí lọ́dọ̀ òun náà nìyẹn. Lẹ́tà kan wọlé sínú ímeèlì mi láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́. Ó gùn, òyìnbó inú rẹ̀ sì pọ̀. Mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo rí i pé wọ́n ń tọrọ àforíjì, mo pa á dé. Ta ló ráyè àforíjì nígbà tí èèyàn márùn-ún dúró sẹ́nu ọ̀nà?

Oògùn kan wà tí gbogbo wa ń lò nídìí iṣẹ́ yìí. Bí orin bá há, o máa pa á rẹ́ níbi tó há sí, o máa tún un fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Orin méje ló há sí mi lọ́rùn lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́fà, àwọn tó ni wọ́n ní ẹ̀dà tiwọn ní sítúdíò. Ẹ̀rọ bi mí léèrè ní gbogbo ìgbà pé ṣé ó dá mi lójú, mo sì ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà tí mo tẹ èyí tó kẹ́yìn ni mo rí orúkọ tó wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé bó ṣe ṣe mí. Mo wo inú kọ̀ǹpútà, òfo. Mo wo ibi tí a ń kó ìdọ̀tí sí, òfo. Èmi fúnra mi ni mo gbá a mọ́ ní pálọ̀ Màmá, tí mo fi hàn án.

Ó pé ọjọ́ mẹ́ta kí ilé-iṣẹ́ tó jí. Orin gbogbo èèyàn jáde, ti àwọn tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan sì jáde fúnra rẹ̀. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Wọ́n fèsì pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Wọ́n ní láti inú àkáǹtì mi ni àṣẹ ti wá pé kí orin yẹn pa rẹ́, wọ́n sì sọ wákàtí tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ohun tí a bá ti pa rẹ́ báyẹn, àwọn ò lè dá a padà. Wọ́n wá rán mi létí pé nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, àwọn ti bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan orin tó ṣì tò sórí ìlà tí kò tíì jáde. Mo padà lọ ṣí lẹ́tà náà. Ìlà kẹrin ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Ìlà kan ṣoṣo ni mo kà.

Títí dé ibí yìí, àṣìṣe ni. Ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, mi ì bá má kọ̀wé sí yín lónìí.

Mo gbé máíkì mi sínú báàgì, mo gba Jakande lọ. Mo ti pinnu pé mo máa dọ̀bálẹ̀, mo máa ní, "Màmá, ẹ foríjì mí, ẹ jẹ́ ká tún un kọ." Ìyá tó nífẹ̀ẹ́ èèyàn ni. Bóyá ló máa bínú ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọlé, ó bá mi yọ̀, ó ní, "Ẹnjinía mi, ṣé o ti tún un ṣe?" Ìyá Kọ́rẹ́dè wà níbẹ̀. Ó yí sí i, ó ní, "Òun ni mo ń sọ fún ọ. Kò sí ohun tí ọmọ yìí ò lè tún ṣe."

Ẹnu mi ṣí, irọ́ ló jáde. Mo ní, "Kọ́ńpánì ni o, Màmá. Wọn ò tíì tún un ṣe."

Ó ní kò burú, òun á ní sùúrù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìyá Kọ́rẹ́dè sọ̀rọ̀ ọjà, ó sì ń kùn orin náà lábẹ́nu láìpe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Máíkì wà nínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo gbé e wá, mo gbé e lọ.

Mo sọ fún ara mi pé màá wá ọgbọ́n dá sí i. Màá ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ kó tún un kọ nítorí ohùn kò ròkè tó. Màá jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ náà kọjá, mo tún lọ, mo tún pa irọ́ kan náà, torí Ráṣídì wà nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ojú orúkọ mi ni mo ń wò. Mo fẹ́ kí ó ṣì jẹ́ Ẹnjinía.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá sí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ parọ́, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá nígbà tó ń ṣe àlùwàlá. Apá ọ̀tún rẹ̀ dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohùn lọ.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni Ọlọ́run fún mi. Ìyá yẹn jókòó sílé, ohùn rẹ̀ wà, orin wà lọ́kàn rẹ̀, kò níṣẹ́ mìíràn, ó kàn ń dúró dè mí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni orin yẹn gbà.

Ó lo oṣù márùn-ún sí i láyé. Mò ń lọ kí i. Bí mo bá ti wọlé, á gbé ọwọ́ òsì sókè, á nà án sí àpò mi níbi tí fóònù wà. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o, gbogbo ìgbà ni. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ ló burú jù. Mo ti ya fọ́tò ojú ìwé ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ tó dákẹ́, èyí tí wọ́n kọ lẹ́tà pupa sí pé ẹ gbìyànjú nígbà mìíràn. Fọ́tò yẹn ni mo máa ń ṣí fún un. Ìdákẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, mo fi í jẹun fún oṣù márùn-ún. Á wò ó, á mi orí, á gbé ọwọ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ráṣídì bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ṣebí orin àwọn míì ń jáde. Mo ní ìlà tiwọn yàtọ̀. Kò mọ ohun tó wà nínú orin náà. Orin àdúrà ni ìyá rẹ̀ sọ fún un pé ó jẹ́.

Màmá kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà bí a ṣe ń ṣe. Ìyá Kọ́rẹ́dè ló pe Mutiat. Ó dé lọ́jọ́ kẹta, òun àti báàgì kan. Ráṣídì ò lé e, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó wọ yàrá Màmá. Àga ni wọ́n gbé fún un sí kọ́rídọ̀, níta yàrá ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì jókòó sí títí tí wọ́n fi ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Àwọn tó wá kí wọn ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé Ráṣídì burú. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ìbúra bàbá rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Mutiat sọ fún un pé Ìyá Kọ́rẹ́dè ti sọ fún òun pé Màmá kọrin fún òun, pé òun ti ń wá orin náà lórí fóònù láràárọ̀ kí òun tó lọ síbi iṣẹ́, fún oṣù márùn-ún. Ráṣídì ní, "Bí Màmá bá ti forí jì ọ́, màá tẹ́ ẹní fún ẹ nínú yàrá rẹ̀ fúnra mi. Ṣùgbọ́n lẹ́nu Màmá ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Mi ò lè fi ẹnu àdúgbò da ìbúra bàbá wa."

Mo wà níbẹ̀. Mo gbìyànjú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo gba orin náà sílẹ̀. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ó ní kí ó wọlé."

Ó wò mí tìtì. Ó ní, "Ẹnjinía, oṣù márùn-ún lẹ fi ń sọ fún Màmá pé orin ń bọ̀. Ó kú síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín tó báyẹn."

Irọ́ mi ti jẹ òótọ́ mi tán. Èmi nìkan ṣoṣo láyé ni mo gbọ́ orin yẹn, èmi náà ni wọn ò sì lè gbà gbọ́ mọ́.

Bí Mutiat ṣe wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè nìyẹn. Kò bínú sí mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé mi ò jáwọ́ lára ìyá òun títí tó fi kú, pé mò ń wá kí i. Ó ní ilé-iṣẹ́ yẹn ló fi òun síta ilé ìyá òun, àti pé bí òun bá pè wọ́n lẹ́jọ́, bóyá wọ́n á wá orin náà jáde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ èdè wọn." Ó ní kí n parí lẹ́tà náà di ọjọ́ Sátidé, torí òun á padà sí Gánà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún.

Mo jókòó ti lẹ́tà náà lọ́jọ́ Túsìdeè. Ó fẹ́ kí n kọ ọjọ́ tí a gba orin sílẹ̀ gan-an. Mi ò rántí, ni mo bá wá fóònù mi àtijọ́ jáde nínú àpótí, èyí tí ojú rẹ̀ ti fọ́, torí òun ni mò ń lò nígbà yẹn. Mo fi í sí ṣájà. Mo ń wá ọjọ́, mo wá rí ohùn kékeré kan níbẹ̀.

Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Kí n tó gbé máíkì kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo fi fóònù dán yàrá wò bóyá ariwo wà níbẹ̀. Kò gùn ju ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá lọ. Àga dún. Màmá húkọ́. Ó wá ní, "Ṣé o ti tàn án? Ṣé Àjíkẹ́ ọmọ mi yóò gbọ́ mi báyìí? Sọ fún un kó máa bọ̀ o." Mo gbọ́ ẹ̀rín ara mi, ó sì parí síbẹ̀.

Mo ti gbọ́ ọ bí ogún ìgbà. Ohun tí Ráṣídì ń bèèrè fún náà nìyẹn. Ó wà lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní ẹranko. Ohun tó ń dá mi dúró ni pé bí mo bá gbé e jáde, wọ́n á bi mí pé orin fúnra rẹ̀ dà, ẹni tí ọ̀rọ̀ ìdánwò rẹ̀ ò sọnù, báwo ni orin rẹ̀ ṣe wá sọnù? Mi ò tún ní irọ́ mìíràn tó lè gbé ìbéèrè yẹn. Mo gbìyànjú láti ronú ọ̀kan. Mo jẹ́wọ́ fún yín, mo jókòó, mo ń ronú irọ́ mìíràn pẹ̀lú ohùn òkú létí mi. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ara mi bà mí.

Mo ti nu ohun tí mo kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé, mo ní ọ̀dà ti ń ṣí. Bí àwọn èèyàn bá pè mí ní Ẹnjinía báyìí, mi ò kì í yára dáhùn.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní kí n lọ sọ òótọ́. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn náà, kí ayọ̀ rẹ̀ dé ọkàn wọn, kí n tó dọ̀bálẹ̀? Àbí kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, kí n gba ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe mí, kó tó di pé mo ṣí fóònù? Mi ò fẹ́ fi ohùn ìyá wọn ra àforíjì fún ara mi. Mi ò sì fẹ́ kí ìbínú wọn sí mi bo ohùn náà mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́sàn-án.

Màmá, ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, kí ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Mutiat ṣì ń sùn sílé Ìyá Kọ́rẹ́dè, wọn ò tíì jẹ́ kó wọ yàrá ìyá rẹ̀. Ọ̀la ni Sátidé.